Ọ̀gá ní ká jáwọ́ nínú péńṣàn kí owó oṣù lè ròkè díẹ̀: ṣé ká gbà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogí. Àwa 23 là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Owó oṣù mi jẹ́ ₦120,000, mo ń san ₦150,000 fún ilé lọ́dún, mo sì ti pé ọmọ ọdún 41. Nígbà tí òfin owó-orí tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, a rò pé owó máa pọ̀ lọ́wọ́ wa, àmọ́ ohun tó lé lórí tèmi kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ lọ. Ọ̀gá wa wá pe ìpàdé. Wọ́n ní tí a bá fọwọ́ sí ìwé pé a ò ṣe péńṣàn mọ́, àwọn ò ní yọ ọ́ lára owó wa mọ́, a ó sì lè rí nǹkan gidi mú relé. Àwọn kan ti fọwọ́ sí i. Ohun mìíràn tó ń kọ mí lóminú ni pé ó ti tó ọdún kan tí ilé-iṣẹ́ péńṣàn ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń yọ owó náà lóṣooṣù. Màmá mi, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tún gbọ́ pé ìjọba fẹ́ máa yọ owó-orí nínú péńṣàn wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn:

Ọ̀kun o, àbúrò mi. Má fọwọ́ sí ìwé náà. Àwọn tó ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ tiwọn náà ò tíì bàjẹ́, torí àdéhùn tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá jọ ṣe láti yẹ òfin péńṣàn sílẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi dúró. Òfin tó wà nílẹ̀ ni Òfin Àtúnṣe Péńṣàn ti ọdún 2014, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí lọ́jọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà. Òfin yìí ní ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wà nínú ètò náà. Ẹ̀yin jẹ́ 23. Kò sì sí ibi tó ti sọ pé àfi tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ní àwọn ò ṣe.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣírò owó oṣù àwọn ẹlòmíràn kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá tó ń gbé e wá ni èèyàn burúkú. Òògùn wọ́n, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, àwọn aláìsàn míì á sì gba ìtọ́jú tán kí wọ́n tó ní àwọn ń bọ̀ wá sanwó. Tí ọ̀gá bá jókòó ti ìṣirò owó tó ń jáde, péńṣàn nìkan ni kò sí ẹni tó máa pariwo lé lórí lónìí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń na ọwọ́ sí.

Jẹ́ ká tẹ́ pésílíìpù rẹ sórí tábìlì ká wò ó. ₦120,000 lóṣù jẹ́ ₦1,440,000 lọ́dún. Màá gbà pé owó iṣẹ́ gan-an, àjẹmọ́nú ilé àti àjẹmọ́nú ọkọ̀ ló para pọ̀ jẹ́ ₦120,000 yẹn, nítorí orí àwọn mẹ́ta yìí ni òfin ní kí wọ́n ti máa ṣírò péńṣàn, ó kéré tán. Ìwọ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦9,600. Ọ̀gá yín ń dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦12,000. Tí a bá pa á pọ̀, ₦21,600 ló yẹ kó máa wọ àkáǹtì péńṣàn rẹ ní gbogbo oṣù tí Ọlọ́run dá.

Ó kan owó-orí. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ohun tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé kí wọ́n yọ péńṣàn tí o dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó rẹ. Tìrẹ jẹ́ ₦115,200 lọ́dún. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tún yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ò ń san, kó má ṣáà ti ju ₦500,000 lọ. Níbi ₦150,000 tìrẹ, ₦30,000 nìyẹn. Ó ku ₦1,294,800. Nínú èyí náà, ₦800,000 àkọ́kọ́, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. ₦494,800 tó ṣẹ́kù ni wọ́n máa gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀, ó sì já sí ₦74,220 lọ́dún, tàbí ₦6,185 lóṣù.

Mo fi òfin àtijọ́ ṣírò owó rẹ kan náà, pẹ̀lú ẹ̀dínwó tí wọ́n máa ń fún gbogbo òṣìṣẹ́ nígbà náà, ₦7,748 lóṣù ló bọ́ sí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,563. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ tí o rí nìyẹn. Akáǹtáǹtì yín ṣírò owó-orí rẹ dáadáa, ó sì jọ pé o ti mú rìsíìtì owó ilé rẹ fún un. Sọ fún àwọn tí kò tíì mú tiwọn wá, torí ẹni tó ń san iye owó ilé tí ò ń san tí kò sì kéde rẹ̀ ń pàdánù ₦375 lóṣooṣù. Kí lándílọ́ọ̀dù kọ iye owó, ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sórí ìwé, kó sì fọwọ́ sí i. Kí onítọ̀hún má bù lé e o. Iye tí o san gan-an ni òfin ní kí o kéde.

Ìpààrọ̀ tí ọ̀gá ń sọ wá nìyí. Tí péńṣàn bá kúrò, ₦9,600 tìrẹ á padà wá, àmọ́ kò ní pé tó bá dé. Péńṣàn yẹn ló ń bo apá kan owó rẹ lójú agbowó-orí. Tí o bá ṣí i kúrò, owó-orí rẹ á gòkè láti ₦6,185 sí ₦7,625, ₦1,440 á sì bá ibẹ̀ lọ. Ohun tó máa wọ àpò rẹ jẹ́ ₦8,160. Ohun tí o sì fi sílẹ̀ jẹ́ ₦21,600. Tí ẹnì kan bá ń fi ₦21,600 gba ₦8,160 nínú ọjà Kàbà, àwọn ìyá ọlọ́jà fúnra wọn ló máa pè é padà.

₦12,000 tí ọ̀gá ń dá ńkọ́? Mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí i pé wọ́n sọ pé àwọn máa fi kún owó oṣù yín. Tiwọn ni yóò dúró sí. Bẹ́ẹ̀ owó iṣẹ́ rẹ ni. O ti fi òru dúró ti aláìsàn lórí ₦12,000 yẹn, gẹ́gẹ́ bí o ṣe dúró lórí ₦120,000. Tí ọ̀gá bá fẹ́ kí owó tó ń dé ọwọ́ yín lóṣooṣù pọ̀ sí i, òfin fún un ní ọ̀nà kan. Ó lè gba gbogbo péńṣàn náà sọ́rùn ara rẹ̀, kó má yọ nǹkan kan lára yín, bó bá ti jẹ́ pé ohun tó ń dá fún yín kò dín ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bi í bóyá ó fẹ́ ìyẹn.

Ohun kan tún so mọ́ péńṣàn tí àwọn òṣìṣẹ́ kì í sábà bèèrè. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìdánilójú ẹ̀mí (life insurance), ìyẹn owó tí ìdílé máa gbà tí òṣìṣẹ́ bá kú, fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Ní tìrẹ, ₦4,320,000 nìyẹn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a rí láburú. Àmọ́ ìwọ tó ń gun ọ̀kadà relé lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ mọ ohun tí owó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ fún àwọn ọmọ. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé wàá bèèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Mo fẹ́ kí o mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Bàbá mi fi ọdún 33 ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní òkè Ọya kí wọ́n tó padà sílé sí Ìsánlú. Lábẹ́ ètò àtijọ́ ni wọ́n fẹ̀yìn tì, nígbà tó jẹ́ pé láti inú ìnáwó ọdọọdún ni ìjọba ti ń san péńṣàn. Tí owó epo bá wọlé, àwọn arúgbó á gbà. Tí kò bá wọlé, wọ́n á ní kí wọ́n wá fún ìyẹ̀wò. Bàbá ní fáìlì kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé nípo mẹ́ta, okùn sì wà lórí rẹ̀. Lọ́dún kan, akọ̀wé tó jókòó sí tábìlì níbẹ̀ tú fáìlì náà, ó fa lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ yọ, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ikán ti jẹ igun ìwé náà níbi tí ọdún wà. Ó ní òun ò lè gba èyí. Ẹni ọdún 71 nígbà náà, wọ́n tún wọkọ̀ padà sí Ìsánlú láti lọ búra ní kọ́ọ̀tù, wọ́n wọkọ̀ padà lọ, wọ́n bá àwọn èèyàn mìíràn lórí tábìlì. Oṣù mẹ́rìnlá ni owó fi dúró. Èmi ni mo tẹ̀lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọkùnrin tó ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ ń fi búrẹ́dì àti omi sùn lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹnì kan ṣubú níwájú wa.

Irú ìyà yẹn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ mú kúrò nígbà tí wọ́n ṣe òfin péńṣàn àkọ́kọ́ ní ọdún 2004, nígbà ìjọba Olusegun Obasanjo. Orílẹ̀-èdè Chile ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe. Ní ọdún 1981 ni Chile ti ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ aládàáni máa bá a fi owó náà ṣòwò, dípò kí gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò ìjọba. Nǹkan kan wà nínú ètò ti Nàìjíríà tó dára gan-an lójú mi. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọ fi owó ṣòwò, tí wọ́n ń pè ní PFA, kọ́ ló ń di owó náà mú. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó péńṣàn, sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Alájọ tí à ń dá owó fún nílé lè sá lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni owó wà, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ìwé wà. Níbí, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kò sì túmọ̀ sí pé ohun gbogbo ti dára tán. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ọdún 2004, débi pé ní oṣù kejì ọdún 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí kí wọ́n lọ yá bílíọ̀nù 758 náírà láti fi san án. Ní Chile náà, àwọn tí owó iṣẹ́ wọn kéré àti àwọn obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́mọ nílé rí i pé ohun tó wà nínú àkáǹtì wọn ò tó jẹun. Ìgbà tó di ọdún 2008 ni ìjọba ibẹ̀ dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún irú wọn. Àkáǹtì tí nǹkan ò wọ̀ ò lè bọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí rèé tí mo fi ń pariwo lé ₦21,600 lórí.

Mo mọ ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ kan máa sọ. Á ní owó náírà tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ yìí, kí ló máa rà lọ́jọ́ náà? Kò purọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba sọ pé ọjà ti gbówó lórí ní ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan, èrè tí péńṣàn ń mú wá kò sì bá a dọ́gba. Ojú mi náà rí i. Àmọ́ wo bí ọ̀ràn ṣe rí. Kí owó rẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré sísá pẹ̀lú ọjà, ₦12,000 ti bá ₦9,600 rẹ, kò sì sí owó-orí lórí rẹ̀. Ó ti ju ìlọ́po méjì lọ ní ọjọ́ tó wọlé. Kò sí ìdókòwò kankan ní Kàbà, yálà iṣu ni, kaṣú ni, ilẹ̀ ni, tó máa ṣe ìlọ́po méjì fún ọ lọ́jọ́ tí o gbé owó sílẹ̀. Tí a bá kó èrè tì, tí a gbà pé owó oṣù rẹ ò ní fi kọ́bọ̀ kan ròkè títí wàá fi pé 60, ₦259,200 lọ́dún fún ọdún 19 jẹ́ ₦4,924,800.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ láti ṣe sí ọ̀rọ̀ ọjà tó ń gbówó lórí rèé. Ẹni tí kò tíì pé 50, inú àpò ìdókòwò tí wọ́n ń pè ní Fund II ni wọ́n máa ń fi owó rẹ̀ sí tí kò bá sọ nǹkan kan. Fund I wà, èyí tó máa ń fi owó tó pọ̀ sí i sínú ìpín ìdókòwò àwọn ilé-iṣẹ́. Ó lè jó rẹ̀yìn lọ́dún kan, kó sì fò lọ́dún kejì. O ní ọdún mẹ́sàn-án kí o tó pé 50. Tí èmi bá jẹ́ ìwọ, màá kọ̀wé sí PFA mi pé kí wọ́n fi èrè Fund méjèèjì láti ọdún márùn-ún hàn mí, kí n tó pinnu.

Owó náà tún lè dé ọwọ́ rẹ ṣáájú ọjọ́ ogbó. Tí iṣẹ́ bá bọ́ kí o tó pé 50, tí oṣù mẹ́rin kọjá tí o ò rí òmíràn, o lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Ó wá kan àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò wọlé mọ́. Àbúrò mi, èyí ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí o kọ, ó tilẹ̀ jù ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù rẹ ti yí padà tí PFA ò mọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ń yọ ₦9,600 lára owó rẹ tí kò dé ibì kankan. Bí ó bá jẹ́ èkejì, ìwé tí ọ̀gá ní kí ẹ fọwọ́ sí yìí lè jẹ́ ọ̀nà láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọdún tó ti kọjá. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí o wò ó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Bí wọ́n ṣe ń wò ó rèé. Wá nọ́ńbà péńṣàn rẹ jáde, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà PEN. Bèèrè fún sítétímẹ́ǹtì oṣù 24 lọ́wọ́ PFA rẹ, lórí fóònù tàbí nípasẹ̀ ímeèlì. Ẹ̀tọ́ rẹ ni, kì í ṣe àánú, torí ó tiẹ̀ yẹ kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí ọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Tó bá dé, kó pésílíìpù rẹ jáde, mú rúlà àti bírò pupa, tẹ́ ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o máa sàmì sí wọn ní oṣù kọ̀ọ̀kan. ₦9,600 lórí pésílíìpù, ₦21,600 lórí sítétímẹ́ǹtì. Má wo àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ nìkan, torí èrè máa ń mú kí àpapọ̀ ròkè kódà nígbà tí nǹkan ò wọlé. Mo ti rí obìnrin kan tó ń yọ̀ pé owó òun ń pọ̀ sí i, ó sì ti tó oṣù mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti dá nǹkan fún un gbẹ̀yìn. Ìlà oṣooṣù ni kí o wò. Wò ó bóyá ₦9,600 nìkan ló ń wọlé pẹ̀lú, torí àwọn ọ̀gá kan máa ń fi tòṣìṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n á sì di tiwọn mú.

Tí àlàfo bá wà, òfin ti sọ ohun tó tọ́. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá san owó oṣù ni owó péńṣàn gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó máa san owó ìtanràn tí kò dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, inú àkáǹtì rẹ sì ni ìtanràn náà ń lọ. Lórí ₦21,600 oṣù kan, ₦432 ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi pẹ́. Kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ ná, lẹ́tà tó ní ọ̀wọ̀, tó dárúkọ oṣù tí kò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ní kí wọ́n fún ọ ní èsì lákọsílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí akọ̀wé wọn fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tìrẹ. Tí èsì ò bá wá, tàbí tó wá lẹ́nu lásán, kó ẹ̀dà lẹ́tà yẹn, pésílíìpù àti sítétímẹ́ǹtì, fi ránṣẹ́ sí PenCom. Abùjá ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní Ìlọrin, tí ọkọ̀ láti Kàbà gba Mòpà àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí. Wọ́n ní àwọn aṣojú tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n lọ yẹ ìwé àwọn agbanisíṣẹ́ wò, kí wọ́n sì gba owó tó wà nílẹ̀ padà. Tí ẹ bá lè jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó fọwọ́ sí lẹ́tà náà, ó sàn ju kí ìwọ nìkan dá kọ ọ́ lọ. Ẹni tó bá dá lọ, wọ́n lè sọ pé ọlọ̀tẹ̀ ni.

Nígbà tí o bá wà lórí ìyẹn, bèèrè nípa owó-orí náà. Owó-orí tí wọ́n yọ lára rẹ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀ Kogí kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e tó kọjá. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó-orí tó jáde lára owó oṣù rẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé àwọn ọmọ Okun, àwa Yorùbá Kogí, tó wà ní Èkó àti Abùjá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni owó-orí wọn ń tún ṣe, tí ẹni bíi tìrẹ tó dúró sílé ló ń san èyí tó yẹ kí wọ́n fi tún ojú ọ̀nà wa ṣe. Ìdí tó ju ẹyọ kan lọ wà tó fi yẹ kí ₦6,185 yẹn dé Lọ́kọ́ja. Tí agbanisíṣẹ́ bá lè di péńṣàn mú, ó lè di owó-orí mú náà, lọ́jọ́ tí ìwọ bá sì nílò ìwé ẹ̀rí pé o ti san owó-orí, orúkọ rẹ ni wọn ò ní rí níbẹ̀.

Sọ fún Màmá pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Péńṣàn wọn àti gìrátúítì wọn kò sí lára owó tí wọ́n ń gba owó-orí lé, òfin tuntun kò sì yí ìyẹn padà. Owó tí àwọn ọmọ bá fi ránṣẹ́ sí wọn kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó tó kàn wà ní báńkì kò di ohun tí wọ́n ń gba owó-orí lé nítorí pé ó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń ta èlùbọ́ díẹ̀ tí èrè rẹ̀ lọ́dún kò sì tó ₦800,000, kò sí owó-orí lórí ìyẹn náà. Ẹni tó bá pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n sọ nọ́ńbà NIN àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì wọn kí òun lè bá wọn yọ orúkọ kúrò nínú owó-orí, olè ni. Tí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tísà kí Kogí tó di ìpínlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, bá wọn ya fọ́tò gbogbo lẹ́tà ìgbà yẹn lónìí, lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ ṣáájú. Ikán ò lè jẹ èyí tó wà nínú fóònù.

Ohun tó kù ni ìpàdé tí ọ̀gá máa tún pè. Má lọ síbẹ̀ lọ jà. Dìde, kí wọn, dúpẹ́ pé wọ́n ń ro ti owó tí ẹ ń mú relé, kí o wá bèèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé ₦12,000 tiwọn máa wọ inú owó oṣù wa ni, ibo ni ìwé ìdánilójú ẹ̀mí wà, oṣù wo ni wọ́n fi péńṣàn wa ránṣẹ́ gbẹ̀yìn. Kí ẹnì kan máa kọ èsì wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́. Tí sítétímẹ́ǹtì bá sì dé, pa nọ́ńbà PEN rẹ rẹ́ kúrò lára ẹ̀dà rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú pésílíìpù oṣù mẹ́fà. Màá bá ọ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, a ó sì jọ kọ lẹ́tà náà.